Ihò Inú Gíláàsì

Ìyá Ẹja ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò bímọ rí. Ẹja ọ̀ṣọ́ ló ń tà, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ aláràbarà tí àwọn èèyàn ń sìn sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀. Ẹni tó bá bi í pé kí ni èèyàn fẹ́ fi ẹja tí kò ní jẹ ṣe, á ní kí onítọ̀hún lọ bi àwọn tó ń ra òdòdó. Ẹnu rẹ̀ mú. Ẹnu mímú yẹn náà ló fi tọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, ọmọ tó máa ń rẹ́rìn-ín débi pé Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é títí tó fi dàgbà.

Káfíńtà ni Ẹlẹ́rìn-ín fẹ́. Òun ló kan àwọn tábìlì tí àpótí ẹja jókòó lé ní ṣọ́ọ̀bù náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pàdé. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, kì í pariwo. Ìyá Ẹja fúnra rẹ̀ ló yìn ín fún àbúrò rẹ̀ pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Nínú gbogbo ẹja tó ń tà, èyí tó mọ̀ jù ni abilà, ọ̀kan nínú àwọn ẹja tí àwọn tó mọ̀wé ń pè ní síkílídì. Bí akọ abilà bá fẹ́ abo, á na lẹbẹ́ rẹ̀ gbalaja, á máa gbọ̀n níwájú rẹ̀ bí ẹni tí òtútù mú, á sì máa lé e kiri inú omi. Bí abo náà bá dúró, tó fìrù gbá a padà, tí wọ́n gba ara wọn lẹ́nu mú tí wọ́n ń fà á, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wọn ti wọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí abo bá sá lọ sí igun lókè omi, tó pa lẹbẹ́ mọ́ra, tí ilà ara rẹ̀ ń parẹ́, ìfẹ́ kọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Akọ ń fi hàn án ẹni tó ni ilé ni. Ẹni tó bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òkú ló máa bá. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èèyàn ò lè mọ èyí yàtọ̀ sí tọ̀hún.

Nítorí èyí ni Ìyá Ẹja ṣe máa ń fi gíláàsì kan dábùú àárín àpótí, tó sì máa ń dá ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Akọ tóbi ju abo lọ, ihò náà kò gbà á. Abo á gba ibẹ̀ kọjá lọ bá ọkọ nígbà tó bá wù ú, tó bá sì di bóò lọ o yà fún mi, á sá padà. Ìyá Ẹja a máa fi ihò yìí yangàn fún àwọn oníbàárà. Á ní ká ní gbogbo ilé ọkọ ní irú ihò bẹ́ẹ̀ ni, ẹkún ì bá dín kù láyé.

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí Ẹlẹ́rìn-ín fi ojú wíwú wọ ṣọ́ọ̀bù, tó ní òun forí gbá kọ́bọ́ọ̀dù ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó rántí pé a kì í dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ó sì ro ti ihò. Ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìgbà tó bá wù ẹ́ ni kó o wọlé," ló wí. "Mi ò ní bi ẹ́ ní nǹkan kan."

Ó sì ń wá lóòótọ́. Á sùn, á jẹun, ojú á wálẹ̀. Lẹ́yìn náà Káfíńtà á gbé ọsàn wá sẹ́nu ọ̀nà, á fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é, Ẹlẹ́rìn-ín á sì tẹ̀ lé e lọ. Gbogbo ìgbà tó bá padà wá ni ẹ̀rín rẹ̀ ń dín kù.

Nígbà tó lóyún, kò wá mọ́. Inú Ìyá Ẹja dùn. Ó sọ fún aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé oyún ti tún ilé náà ṣe. Ṣùgbọ́n ó pàdé àbúrò rẹ̀ lójú pópó lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, ó rí i tó wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, tó ń fara ti ògiri rìn. Ó bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀ nílé.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ikùn báyìí wá sùn sọ́dọ̀ yín, ẹ̀gbọ́n mi?" ni Ẹlẹ́rìn-ín dáhùn. "Wọ́n á ní mo gbé ọmọ ọlọ́mọ sá."

Ìyá Ẹja lọ sílé.

Ní àsìkò yẹn kan náà, abo abilà kan ń sanra nínú àpótí tó wà lójú fèrèsé, ẹyin ló kún inú rẹ̀. Ìyá Ẹja ń fún un lóúnjẹ dáadáa kó lè yé e. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá a nínú ihò. Orí ti kọjá, ikùn há. Akọ ti jẹ ìrù rẹ̀ títí kan egungun. Akọ náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ilà ara rẹ̀ dúdú kirikiri, ó na lẹbẹ́, ó ń gbọ̀n, ó ń bá òkú ṣeré ìfẹ́.

Ó dúró, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Abo tó rù ló fi wọn ihò náà. Tó bá sì ní kóun fẹ̀ ẹ́ sí i, ihò tó bá gba abo tó lóyún á gba akọ pẹ̀lú. Kò sí ihò kankan tó lè yọ wọ́n. Àwọ̀n ló kù, kéèyàn ki ọwọ́ bọ omi.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ. Káfíńtà ti lọ síbi iṣẹ́ nígbà tó débẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín dúró ní igun ilé ìdáná, ètè rẹ̀ wú.

"Mi ò wá kí ẹ," ni Ìyá Ẹja wí. "Mo wá mú ẹ ni."

Àbúrò rẹ̀ kò jiyàn. Bàtà nìkan ló wọ̀, ó tẹ̀ lé e bí ẹni pé ó ti ń retí kẹ́nì kan sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́. Ọjọ́ mélòó kan ló fi sùn. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín ẹja kan tó ń bá òjìji ara rẹ̀ jà nínú gíláàsì.

Lẹ́yìn náà ni Káfíńtà dé. Ṣẹ́ẹ̀tì tuntun ló wọ̀, ó gbé ọsàn dání. Ó kí Ìyá Ẹja dáadáa, ó ní òun wá wo ìyàwó òun. Ìyá Ẹja gbọ́ ìró bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn, ó gbọ́ tí Ẹlẹ́rìn-ín mú kóòmù lórí tábìlì. Ó bojú wẹ̀yìn. Ojú àbúrò rẹ̀ tó ti rẹ̀ dòdò látọjọ́ yìí ti tàn. Èyí dùn ún ju ojú wíwú lọ.

Ó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì di férémù mú, ó ní kí ọkùnrin náà máa lọ.

"Ẹ bi í léèrè, ẹ̀gbọ́n wa," ni Káfíńtà wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé mo fipá mú un rí?"

Ẹlẹ́rìn-ín ti dé ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n kọjá, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá Ẹja fẹsẹ̀ múlẹ̀.

"Ẹ ní ẹ ò ní bi mí ní nǹkan kan. Ẹ̀yin náà lẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Mo ti gbà á padà."

Àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú lẹ́yìn, ó ń sunkún, ó ní òun kórìíra rẹ̀, ó ní àìbímọ ló ń dà á láàmú. Káfíńtà dúró síwájú, ó ń dúró dè é pẹ̀lú ọsàn rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín fi gbogbo ara tì í kó lè ráyè jáde, ikùn rẹ̀ sì tẹ ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọlẹ̀ sọ nínú rẹ̀. Ìyá Ẹja mọ̀ ọ́n lára, ó di férémù mú, kò kúrò.