Ẹja Tí Sukerni Kò Yàn

"Ta ló fi ẹja tuntun sínú àpótí mi?"

Ohùn Sukerni kò ròkè, ṣùgbọ́n Bàbá Merta, alága ẹgbẹ́ àwọn apẹja, gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹja kékeré kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà, iwájú rẹ̀ funfun, ìrù rẹ̀ pupa bí ẹyín iná. Ó ti gan. Orí ilẹ̀ ilé ẹgbẹ́ ló ti rí i nígbà tó wọlé láti gbé ọrẹ òwúrọ̀, òdòdó díẹ̀ nínú ewé, síwájú àpótí gíláàsì. Irú ẹja yìí, bí ẹ̀rù bá bà á, òkè ló máa ń fò sí. Nínú òkun, kò sí ewu níbẹ̀. Nínú àpótí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀.

"Èwo ni?" Bàbá Merta béèrè, ó ń wo òrùlé.

"Bàbá, ẹ má wo òrùlé. Ẹ wo ẹ̀yìn òkúta yẹn."

Ohun kan yọjú lẹ́yìn òkúta, ó tún padà sẹ́yìn. Kò ju ìka ọwọ́ lọ. Láti ẹnu dé àárín ara rẹ̀, àwọ̀ àlùkò ni. Láti àárín dé ìrù, ó pupa rúsúrúsú bí iyeyè tó pọ́n. Sukerni kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ orúkọ ẹni tó mú un wá. Inú ihò àpáta ni ẹja yìí ń gbé. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti wọlé. Ní gbogbo etíkun wa ní àríwá Bali, ọkùnrin kan ṣoṣo ló lè fi àwọ̀n mú un láìfọ́n májèlé sínú ihò. Òun àti ọkùnrin náà ni wọ́n jọ sùn mọ́jú.

"Nengah gbé e wá nírọ̀lẹ́ àná," ni Bàbá Merta wí. "Èmi ni mo ní kó fi sí i. Àpótí yìí ti ṣófo jù! Àlejò ń bọ̀ láti Surabaya, ẹja márùn-ún péré la fẹ́ fi hàn án? Ó dà bí ilé ẹni tí wọ́n jà lólè."

"Ẹja márùn-ún ni omi yìí lè gbà."

"Èyí kò kúkú ju ìka mi lọ."

"Ẹ̀yin náà ò ga, Bàbá. Ṣé gbogbo ilé ẹgbẹ́ yìí kọ́ lẹ gbà?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu alága láìròtẹ́lẹ̀. Sukerni kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó fi ewé di ẹja tó kú náà, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ló ti fi tọ́ àpótí yẹn. Ní oṣù kìíní, omi òkun, iyanrìn àti òkúta nìkan ló wà nínú rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìyá Putu, bí wọ́n ṣe ń pe Sukerni, ti ń sin omi. Lẹ́yìn náà ló mú ẹja aṣọ́nà wọlé pẹ̀lú edé tí wọ́n jọ ń gbé: edé tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran ń gbẹ́ ihò, ẹja ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, bí ewu bá dé, á gbọn ìrù, àwọn méjèèjì á wọlé. Nígbà tí ìyẹn ti mọ ilé rẹ̀, ó fi ẹja onírù iná méjì sí i, àwọn ojo tí kì í jà. Àwọn tọkọtaya aláwọ̀ ọsàn ló fi ṣe ìkẹyìn, nítorí wọ́n lẹ́nu díẹ̀, pàápàá ìyàwó, tó tóbi ju ọkọ lọ tó sì ń pàṣẹ fún un. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ wọlé, gbogbo ilé ni wọn ì bá pè ní tiwọn. Adìyẹ tó bá ṣí wọ ìlú tuntun, ẹsẹ̀ kan ló fi ń dúró. Sukerni mọ ẹni tó máa ń fi ẹsẹ̀ kan dúró àti ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé ogún ọdún ló ti fi ń ṣa ẹja tí àwọn ọkùnrin bá gbé wá láti abẹ́ omi.

Kì í ṣe eré ni wọ́n fi àpótí náà ṣe. Àwọn kan níbòmíràn ń fi májèlé pa ẹja níyè, wọ́n ń fi orúkọ abúlé wa tà á. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ á máa dán nínú ọ̀rá, á dé ilé ẹni tó rà á, á kú kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Ìyá Hartini, tó ń ra ẹja wa jù, ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá fi ojú ara òun rí i: bí ẹja wa bá lè gbé inú àpótí kékeré fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìkú láìjà, òun á máa rà á lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó tán. Bí ó bá sì tán, kí ló kù? Putu, ọmọ Sukerni, ti wà ní gúúsù níbi tó ti ń tẹ́ ibùsùn fún àwọn àlejò òtẹ́ẹ̀lì. Gbogbo ọmọ abúlé ni yóò tẹ̀lé e.

Nengah wà létí òkun, lórí òkúta dúdú wẹẹrẹ, ó jókòó sí abẹ́ apá igi tó yọ lára ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe.

"Ìyá ẹja dé!" ó ní, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ṣé o ti rí i?"

"Mo ti rí i, Bàbá Putu. Mo tún rí èyí tó pa." Ó tú ewé náà fún un.

Nengah wò ó, ó gbé ojú kúrò. "Ó fò ni. Ṣé èmi ni mo ní kó fò?"

"Wọ́n lé e ni. Ẹja yín ti gba ihò tó dára jù, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba iwájú ìta rẹ̀ kọjá. Kó tó dọ̀la, á ti lé èkejì jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un kúrò."

Ọkùnrin náà fi abẹ́rẹ́ àwọ̀n sílẹ̀. "Ìgbà mẹ́rin ni mo wọ omi nítorí ẹja yẹn. Otútù mú mi débi pé eyín mi ń lu ara wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ilé ẹgbẹ́, 'Iṣẹ́ Sukerni rèé, iṣẹ́ Sukerni rèé!' Ta ló ń mú ẹja tí Sukerni ń yàn? Ṣé òjò ló ń rọ̀ wọ́n ni?"

Ọ̀rọ̀ náà bá Sukerni níbi tí kò ti dira. Òótọ́ ni. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ̀yin lẹ ń mú wọn. Àmọ́ mímú yàtọ̀ sí kí wọ́n jọ gbé."

"Ó dáa. Ìwọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé, lọ mú un. Tú òkúta rẹ, kó o mú un."

Nengah mọ ohun tí òun ń sọ. Bí wọ́n bá tú òkúta, ihò edé á wó, omi á dọ̀tí, àwọn òdòdó òkúta, ohun abẹ̀mí kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí lára òkúta, á ṣẹ́. Oṣù mẹ́ta á lọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Sukerni di ewé rẹ̀, ó padà.

Mọ́tò Ìyá Hartini ti wà níwájú ilé ẹgbẹ́ nígbà tó dé. Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó wé gèlè funfun mọ́ orí, gíláàsì ojú rẹ̀ so mọ́ ọrùn. Bàbá Merta ń gbé kọfí àti àkàrà ìrẹsì tẹ̀lé e kiri, kò gbà á. Ààrin àwọn apẹja tó ti pé jọ ló gbà kọjá tààrà, ó gbé gíláàsì sójú, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú àpótí.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Aṣọ́nà wà lẹ́nu ihò, edé ń ti iyanrìn jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń gbálẹ̀.

"Ta ló to èyí?"

"Èmi ni, Màmá," ni Sukerni wí.

"Ìwọ? Ó mà dára o. Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, ọmọ iṣẹ́ mẹ́jọ ni mo ní, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé..." Ẹja aláwọ̀ méjì yẹn ti yọ lẹ́yìn òkúta, ó lé onírù iná tó kù lọ sí igun, ó tún sá wọlé. Ojú ìyá náà padé bí ilẹ̀kùn. Ó nàró.

"Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ra ẹja, ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí. Ẹnì kan kì í fi àwọ̀n mú ìyẹn. Májèlé ni wọ́n ń fọ́n sí ihò rẹ̀. Mo dúpẹ́ pé mo wá fúnra mi." Ó ń wá báàgì rẹ̀.

"Màmá, kì í ṣe tiwa!" Bàbá Merta fẹ́rẹ̀ẹ́ da kọfí sí ara. "Ọkùnrin kan láti abúlé kejì ló gbé e wá, àwa ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa..."

Sukerni rí ọ̀nà tó là sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Bí òun bá dákẹ́, irọ́ yẹn á gba gbogbo abúlé là. Ẹni kan ṣoṣo tí kò ní gbà là ni ọkùnrin tí eyín rẹ̀ ń lu ara wọn nínú omi.

"Irọ́ ni, Màmá," ó ní. "Bàbá, ẹ má bínú. Ọkọ mi ló mú un. Àwọ̀n ló fi mú un, kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é ní etíkun yìí. Àmọ́ kì í ṣe ibí ló yẹ kó wà. Èmi ni mo yan ẹja inú àpótí yìí, èmi ò sì yan ìyẹn. Ó ti pa ọ̀kan láàárọ̀ yìí." Ó tú ewé náà, ó gbé e síwájú àlejò.

Ìyá Hartini wo òkú ẹja, ó wo Sukerni. "Ẹnu lásán nìyẹn, ọmọ mi. Gbogbo èèyàn ló ní ẹnu."

"Ẹ jẹ́ kí n lo ọwọ́ nígbà náà."

Ẹnu ọ̀nà ni ohùn náà ti wá. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí Nengah dé. Àwọ̀n ọwọ́ kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ọ̀pá ọparun tó tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀. Kò wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ó lọ síwájú àpótí, ó fẹ́ ki ọwọ́ bọ omi.

"Ẹ dúró," ni Sukerni wí.

"Kí ló tún dé?"

"Òróró àti ìdọ̀tí ti kún ọwọ́ yín, á ba omi jẹ́."

Àwọn apẹja rẹ́rìn-ín. "Nengah, ìyá rẹ fẹ́ wẹ̀ ọ́!" ni ẹnì kan kígbe. Nengah na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ bí ọmọdé, Sukerni sì bu omi tó mọ́, ó da á lé e láti ìgbòǹwọ́ dé ìka, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ọkùnrin náà ki ọwọ́ bọ omi, kò sì tún mira. Ẹja aláwọ̀ méjì wọ ihò. Nengah fi àwọ̀n bo ẹnu ihò náà, ó wá fi ọ̀pá wá ẹnu kejì lẹ́yìn òkúta, ibi tí kò sí ẹni tó rí i àyàfi ìka rẹ̀. Kò ti ọ̀pá bọ inú rẹ̀. Ó kàn ń kan etí ihò, kó... kó... bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́. Ó dúró. Ó tún kàn án. Bàbá Merta fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìyá Hartini gbé ìka kan sókè sí i. Òkúta kan kò mì. Aṣọ́nà kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, edé kò dá iṣẹ́ dúró. Lẹ́yìn náà, láìsí ariwo, ohun kan tàn nínú àwọ̀n, àlùkò àti iyeyè, Nengah sì ti gbé e sínú korobá pẹ̀lú omi rẹ̀.

Ó gbé korobá náà síwájú àlejò. Ìpẹ́ kan kò ṣí lára ẹja náà.

Ìyá Hartini wò ó títí. Ó wá yíjú sí Bàbá Merta. "Ẹ fún mi ní àga. Kọfí yẹn ńkọ́, ṣé ó ti tutù?" Nígbà tó jókòó, tó sì ti mu ún dé ìdajì, ó ní, "Èmi á máa rà á. Àmọ́ láti òní lọ, mi ò fẹ́ kí ẹ máa di ẹja ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá mọ́. Obìnrin yìí ni kó máa yàn wọ́n: àwọn tó lè jọ gbé, kó dì wọ́n pọ̀, kó kọ ẹja tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé síbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni mo máa fi tà á." Ó wo Nengah. "Kó kọ tìrẹ náà síbẹ̀."

Ariwo sọ. Àwọn apẹja ń lu Nengah lẹ́yìn, Bàbá Merta ti ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Sukerni dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Onírù iná tó kù ti kúrò ní igun. Ó rọra ń bọ̀ sí àárín omi.

Nengah gbé korobá, ó fẹ́ lọ dá ẹja padà sí àpáta tó ti mú un. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó sì béèrè níwájú gbogbo wọn ohun tí kò béèrè rí láti ogún ọdún.

"Ìyá Putu, èwo ni kí n mú bọ̀?"

Sukerni wo àpótí náà: ẹja mẹ́rin, edé kan, àti ibi tó ṣófo.

"Ẹ má mú ìkankan bọ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà nílé fọkàn balẹ̀ ná."

"Ó dáa," ni Nengah wí, ó sì gbé korobá rẹ̀ lọ sí òkun.