Ojú Tí Ìyá Fẹ́ Rí

Ọdún mẹ́ta ni Ọláníkẹ́ ti ń fi ọwọ́ bo ojú fóònù. Bí Hannah, àbúrò rẹ̀ tó ń tọ́jú ìyá wọn l'Ógbómọ̀ṣọ́, bá fi fídíò pè é, á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Niamey ni kò dáa. Irọ́ ni. Ojú rẹ̀ ni kò dáa.

Aṣọ lílọ̀ niṣẹ́ rẹ̀ ní Dar es Salam, àdúgbò kan ní Niamey, lórílẹ̀-èdè Niger. Áyọ̀ọ̀nù eléèédú ló ń lò: ooru níwájú, oòrùn lẹ́yìn. Àmì dúdú kan yọ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó tó ẹyin àparò. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ó ra ìpara àpòpọ̀ ní àdúgbò Poudrière. Ojú mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, àfi bí dúdú ṣe padà, tó kó ẹbí rẹ̀ dání.

Ìyá á ní ó bóra. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà á. Ṣùgbọ́n Ìyá kì í ki ẹni tí kò bá rí lójú, kò sì sẹ́ni tó mọ oríkì rẹ̀ ní Niamey. Ọdún mẹ́ta láìgbọ́ "Àbẹ̀kẹ́". Nígbà míì á pè é fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, lórí aṣọ tó ń lọ̀. Kò dùn bákan náà.

Ó kọjá afárá lọ sí Harobanda, lódìkejì odò, sọ́dọ̀ Ràódátù, nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá kan.

"Ìyá, ta ló fún yín ní ìpara yìí?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Mo... mo rà á ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ nù. Áyọ̀ọ̀nù yín, bí òjò bá ń pa á, kí ló ń ṣe é?"

"Ó ń dógùn-ún."

"Ẹn-ẹ́n! Oòrùn, ooru, èéfín, nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nínú awọ ojú. Ẹ̀rù á ba awọ, á da dúdú rẹ̀ síta, á fi bo ara. Ẹ̀yin wá ń fi ìpara bọ́ṣọ lára ẹni tí òtútù ń pa."

"Ṣé ó máa lọ?"

"Kala suuru, bí wọ́n ṣe ń wí níbí. Ẹ ní sùúrù. Ẹ máa dé fìlà, ẹ jìnnà sí èédú. Ó lè dínkù. Ó lè má tán."

Lọ́jọ́ kejì, Hannah pè. "Ẹ̀gbọ́n mi, iyè Màmá ti ń ṣáko o. Bẹ́ ẹ ò bá jẹ́ kí wọ́n rí yín lónìí, ta ni wọ́n máa rí lọ́la?"

Ọláníkẹ́ ká ọwọ́ kúrò lójú fóònù.

Ìyá tẹjú mọ́ ọn. "Ta nìyí?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Súnmọ́ ìmọ́lẹ̀."

Ó súnmọ́ fèrèsé. Ìyá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó wo tòsì. Lójijì, arúgbó kúnlẹ̀.

"Màmá! Ta lẹ ń kúnlẹ̀ fún? Ọmọ yín ni o!"

"Dákẹ́, Hannah! O ò mọ ìyá mi ni? Ìdí gàrí ló ti ń bọ̀. Ṣé o ò rí bí iná ṣe ṣe é lójú ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àṣàbí! Àṣàbí, ọmọ Ẹ̀ṣọ́! Ẹ kú iná o!"

Ìyá àgbà tó ti kú tipẹ́ ló ń jẹ́ Àṣàbí. Ogójì ọdún ló fi yan gàrí. Kò sẹ́ni tó sọ fún Ọláníkẹ́ rí pé ojú tiẹ̀ náà rí báyìí.

Ó dúró de Àbẹ̀kẹ́. Kò dé.

"Ìyá mi, ẹ ò dá mi lóhùn?" arúgbó bi í lórí ìkúnlẹ̀.

Ọwọ́ Ọláníkẹ́ ti fẹ́ lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó dá a padà.

"Òo," ló wí. "Mo ti dé."