Ẹ̀gbọ́n Kì í Ṣe Ọ̀rẹ́

Ọkọ mi ò bẹ̀rù ayùn, kò bẹ̀rù òrùlé gíga, kò sì bẹ̀rù oníbàárà tó bá ní kó tún àga kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Káfíńtà ni. Ẹni kan ṣoṣo tó ń bà á lẹ́rù láyé yìí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tí kò na ọwọ́ sí i rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ẹ bá mi wo irú ẹ̀rù tí ìyẹn jẹ́.

Akọ̀wé ni mò ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí. Ìyàwó kì í kúkú pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lórúkọ, kò sì sí ìwé tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ tí wọn kì í fi bírò pupa tún ṣe, títí kan ìwé ìpè ìgbéyàwó wa. Ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìlú wọn jìnnà sí tiwa, ọkọ̀ òfuurufú la fi ń débẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn ní orúnkún, dókítà sì ní wọn ò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn fún oṣù mẹ́ta. Òkè kẹta ni wọ́n ń gbé. Ìyàwó wọn ti ṣaláìsí, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo sì ń lọ síbi iṣẹ́ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Bí àwọn àti fèrèsé ṣe di ojúgbà nìyẹn.

Ọmọ náà pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Àǹtí, Dádì ò sọ̀rọ̀ mọ́ o. Bí mo bá ṣe fi wọ́n sílẹ̀ láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni màá bá wọn nírọ̀lẹ́. Oúnjẹ gan-an, wọ́n á kàn tọ́ ọ wò ni.” Ẹ̀rù bà mí.

Òun náà ló ronú kan ẹ̀rọ géèmù. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀ àìmọye ìgbà pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, àwọn àti ọkọ mi máa ń fi ìdérí ìgò gbá bọ́ọ̀lù lórí tábìlì, àfìgbà tí ìyá wọn bá gba tábìlì náà lọ́wọ́ wọn. Ló bá ra ẹ̀rọ méjì, ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí wa. Géèmù bọ́ọ̀lù ló wà nínú rẹ̀. Kálukú á jókòó sílé rẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì á so wọ́n pọ̀, wọ́n á máa gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á sì máa gbọ́ ohùn ara wọn nínú íápíìsì. Lẹ́nu, ó rọrùn.

Ẹ lè bi mí pé ṣé kò sí fóònù ni. Fóònù wà. Àwọn ọkùnrin ìdílé yìí ni kò mọ̀ ọ́n lò. “Ṣé dáadáa ni, sà?” “Dáadáa ni. Ilé ńkọ́?” “Wọ́n wà, sà.” “Ó dáa. Ó dàbọ̀.” Mo ti wo aago sí i rí, kò pé ìṣẹ́jú kan. Irú wọn gbọ́dọ̀ rí nǹkan fún ọwọ́ àti ojú ṣe kí ẹnu tó ráyè sọ̀rọ̀.

Yàrá tí mo ti ń ránṣọ ni tẹlifíṣọ̀n wa wà, ojú mi ni gbogbo rẹ̀ sì ṣe. Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ bèèrè orúkọ lọ́wọ́ ọkọ mi. Ó kọ Káfíńtà. Ẹ̀rọ ní ẹnì kan ti gba ìyẹn. Ó kọ Káfíńtà Àgbà. Wọ́n ti gba ìyẹn náà. Ó kọ orúkọ bàbá tó bí i lọ́mọ, ẹni tí a ò mọ̀ rí ti gbé e lọ. Ọkọ mi yíjú sí mi, ó ní, “Ìwọ náà ńkọ́, ṣé wọn ò tíì gbà ọ́?” Ìgbà tó rẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ fi Káfíńtà4471 lọ̀ ọ́, ó sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku nọ́ńbà. Kéèyàn tó rí ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀rọ yìí, àfi kó ní nọ́ńbà onítọ̀hún, méjìlá gbáko. Akọ̀wé ka tiwọn lórí fóònù bí ẹni ń pe àpèkọ fún kíláàsì, ọkọ mi sì ń fi pẹ́ńsù iṣẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sára pákó pélébé kan. Ó fo nọ́ńbà kan, ó kọ òmíràn lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tọ́ ọ sọ́nà lórí fóònù pé ẹ tẹ èyí, ẹ tẹ tọ̀hún, òun náà ń tẹ̀ ẹ́ láìka ohun tó wà níbẹ̀. Ẹnì kan gbà wá lójú ẹsẹ̀. Ọkọ mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì mi, láàárín àwọn àjákù aṣọ, ó ní, “Ẹ káàsán, sà.” Ohùn ìyá àgbàlagbà kan ló dáhùn pé, “Ta nìyí?” Kó tó ṣàlàyé, bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀. Góòlù mẹ́sàn-án ni ìyá náà gbá sí i, wọ́n ní kó lọ kọ́ bọ́ọ̀lù, wọ́n sì lé e jáde. Ẹ̀rọ wá kọ ọ́ gàdàgbà sójú tẹlifíṣọ̀n pé ẹni yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ mọ́.

“Ọ̀rẹ́ kẹ̀?” ọkọ mi ní. “Ta ló sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́?”

Ibẹ̀ ni wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀. A rí nọ́ńbà gidi tẹ̀, orúkọ Akọ̀wé jáde, Ọ̀gá Ilé Ìwé ni wọ́n pe ara wọn. Ẹ̀rọ sì bèèrè nísàlẹ̀ rẹ̀ pé: Ṣé kí n sọ fún ẹni yìí pé kó wá di ọ̀rẹ́ rẹ? Ọkọ mi rọra gbé páàdì tó fi ń darí géèmù náà sílẹ̀ lórí máṣìnnì mi.

“Èmi,” ó ní, “kí n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n wá di ọ̀rẹ́ mi. Àwọn tó pọ̀n mí. Àwọn tó kọ́ mi ní A, B, D.”

“Ẹ̀rọ ló pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ̀ yín.”

“Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ mí.”

Ó ní ó kéré tán, kí òun kọ́kọ́ kọ̀wé kí wọn, kí òun ṣàlàyé, kí òun tọrọ àforíjì, kí òun tó tẹ̀ ẹ́. A wá ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé títí, ẹ̀rọ ní ọ̀rẹ́ nìkan ló lè kọ̀wé sí ọ̀rẹ́. Kí o tó kí wọn, o gbọ́dọ̀ di ọ̀rẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ o ò sì lè di ọ̀rẹ́ àgbà láìkí i. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yìí, ó dá mi lójú pé òun ni àkọ́bí ilé wọn. Mo ní kó pè wọ́n lórí fóònù kó sọ ọ́. Ó pè wọ́n. “Ṣé dáadáa ni, sà?” “Dáadáa ni. Ilé ńkọ́?” “Wọ́n wà, sà.” Ó pa fóònù, ó ní àyè rẹ̀ ò yọ.

Lọ́hùn-ún, ohun tó ń ṣe àbúrò náà ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n. Ọmọbìnrin wọn ní tó bá ti di aago mẹ́rin, Akọ̀wé á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, wọ́n á fi ọ̀pá tilẹ̀ dé iwájú ẹ̀rọ, wọ́n á sì tàn án. Ẹ̀rọ á kọ ọ́ sí wọn lójú pé: O kò tíì ní ọ̀rẹ́ kankan. Wọ́n á máa wò ó fún wákàtí kan, wọ́n á pa á. Ọmọ náà bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi ìbéèrè ránṣẹ́ fúnra wọn. Wọ́n ní, “Kí n máa bẹ àbúrò mi pé kó bá mi ṣọ̀rẹ́? Tó bá fẹ́ mi, ó mọ ibi tí mo wà.” Àwọn àgbà ní àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àwọn ejò méjì tiwa yìí, ìgbéraga kọ́ ló dá wọn dúró, ẹ̀kọ́ ilé ni, ìyẹn ló sì ń bí mi nínú jù.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọmọ náà tún pè. “Àǹtí, Dádì ò tan ẹ̀rọ náà láti ìjẹta. Wọ́n ní kí n kó o padà sínú páálí rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Wọn ò bínú o. Wọ́n kàn ní ó ti tó.”

Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Mo fi apá aṣọ tí mò ń rán sílẹ̀. Ọkọ mi wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo gbé páàdì, mo wá bọ́tìnnì náà rí, mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, mo sì padà sídìí máṣìnnì bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Kò pé wákàtí kan tí èsì fi dé: Wọn kò gba ìbéèrè rẹ. Mo pe ọmọ náà. Ó ní òun ló lọ tan ẹ̀rọ náà lẹ́yìn tí a jọ sọ̀rọ̀ tán, Akọ̀wé sì ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè, pé Káfíńtà4471 fẹ́ kí o di ọ̀rẹ́ òun. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní, “Kò tiẹ̀ kí mi,” wọ́n sì tẹ rárá.

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Nígbà tí ọkọ mi dé, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé á pariwo. Ó kàn jókòó sórí òkìtì aṣọ oníbàárà mi, kò sì rántí pé mo ti lọ̀ wọ́n.

“Kí ni ẹ̀gbọ́n mi rí gan-an nígbà tí ìbéèrè náà dé ọ̀dọ̀ wọn?” ó bi mí.

“Orúkọ yín ni.”

“Orúkọ mi nìkan?”

“Orúkọ yín nìkan.”

Ó wo tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó ń fojú wọn pákó. Ó wá ní, “Ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn pààrọ̀ orúkọ?”

Wọ́n máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyí: Ẹ Kú Ilé Sà Ẹ Kú Ara Ẹ Jọ̀ọ́ Ẹ Má Bínú Àbúrò Yín Ni. Ẹ̀rọ ní lẹ́tà mẹ́rìndínlógún ni òun ń gbà. Ó fa pẹ́ńsù yọ lẹ́yìn etí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀rọ̀, ó ń kà á, ó ń pa á rẹ́, ó ń gé e sí i, títí ó fi ku ohun tó wọlé géérégé: Mo Dọ̀bálẹ̀ Sà. Nínú gbogbo àwọn tó ti gba Káfíńtà láyé yìí, kò sí ẹnì kan tó tíì gba ìyẹn. Ọ̀sán Sátidé ló tó gé e tán; páálí ti wà nílẹ̀ lọ́hùn-ún, mo sì ti bẹ ọmọ náà pé kó tan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tẹ̀ ẹ́.

Èmi ò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. A jókòó, a ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde pé wọ́n ti gba ìbéèrè rẹ. Orúkọ ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo yọ lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe Ọ̀gá Ilé Ìwé mọ́. Wọ́n ti pààrọ̀ tiwọn náà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: Dìde Jókòó.

Ọkọ mi fi íápíìsì sétí, ó fún mi ní ẹyọ kan. A gbọ́ tí Akọ̀wé wúkọ́.

“Ṣé o ń gbọ́ mi?”

“Mò ń gbọ́ yín, sà.”

Géèmù bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn kéékèèké ń sá kiri lórí pápá. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ lanu, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀. “Mo rò pé o ò fẹ́ bá mi ṣeré mọ́ ni. Mo ní bóyá mo ti darúgbó jù lójú rẹ.”

Mo wo ọkọ mi. Ọdún mẹ́rìnlélógún la ti jọ wà, mi ò rí omi lójú rẹ̀ rí, àfi ti ìyẹ̀fun pákó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin nìkan lẹ kù tó mọ̀ mí lọ́mọdé.”

“Èmi náà,” Akọ̀wé ní, “ìwọ nìkan ló kù. Ṣọ́ góòlù rẹ.”

Kí ọkọ mi tó nu ojú rẹ̀ tán, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n.