Ẹ̀rọ Tó Ń Fá Bẹ́ǹṣì Ọkọ Mi

Tólú, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ọdún tí ìjì ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ ni bàbá bàbá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Ó ti di olóògbé, ṣùgbọ́n ibi tó máa ń jókòó sí ṣì jin díẹ̀ lójú igi. Lánàá ni Délé bàbá rẹ ra ẹ̀rọ ìfági oníbátìrì olówó pọ́ọ́kú kan, ó ní òun máa fi fá bẹ́ǹṣì náà kó lè dán.

Mo sùn, mo bá rí bàbá rẹ lójú àlá tó ń fá a. Igi ń dín kù. Mo ní kó dáwọ́ dúró. Ó yọ bátìrì, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó gbóná bí ẹyin abẹ́ adìẹ. Ẹ̀rọ kò dákẹ́. Lẹ́búlẹ́bú igi gbéra nílẹ̀, ó di ọkọ mi, ó dé fìlà. Kò bínú. Ó ní, "Ìyá Délé, ibo ni kí n jókòó sí?" Mo fẹ́ dáhùn, lẹ́búlẹ́bú kún ẹnu mi. Bẹ́ǹṣì ti fẹ́lẹ́ bí ewé.

Mo jí, mo wá omi mu. Mi ò mọ ohun tí àlá náà jẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, mo rọ́ ọ fún àwọn ọmọ mi. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín: "Màmá, bátìrì yẹn ò ní fá ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì kan tán kó tó kú."

Mo ní, "Ẹ fá ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fá abẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún mi."