Ẹni Tó Ń Darí Ọ̀rọ̀ Kì Í Sọ Tirẹ̀

Padova ni Olúbísí ń gbé lọ́dún 1997. Ó ti gboyè nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní yunifásítì ibẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ tó rí ṣe kò ju kó máa tọ́jú ìyá arúgbó kan lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Torino, níbi tí ẹgbẹ́ kan ti ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n á ṣe máa darí ìjíròrò ládùúgbò lórí ẹ̀tanú ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú láàárín wọn.

"Ẹni tó ń darí ọ̀rọ̀ kì í sọ tirẹ̀," ni Marta, olùkọ́ wọn, máa ń wí. "Kó máa béèrè, kó sì máa gbọ́."

Nígbà tí wọ́n pín wọn ní méjì-méjì, Beppe ni wọ́n fi tì í, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ mọ́tò. Gúúsù Ítálì ni wọ́n ti bí i. Ó sọ bí àwọn onílé Torino ṣe ń tilẹ̀kùn mọ́ òun nígbà ọ̀dọ́ nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ará gúúsù. Ó sunkún. Olúbísí gbọ́ ọ títí ó fi sọ tán. Ni gbogbo wọn bá lọ mu kọfí. Kò sẹ́ni tó bi í pé, ìwọ ńkọ́?

Padova ni Olúbísí ti darí ìjíròrò rẹ̀ àkọ́kọ́, Marta sì wà níbẹ̀. Obìnrin kan dìde.

"Mi ò lè jókòó ti àwọn ará Áfíríkà nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n ń rùn." Ó wo Olúbísí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kì í ṣe ìwọ o, signorina."

Olúbísí rántí ọ̀rọ̀ Marta. "Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́ jáde, mà. Kí ló mú yín rò bẹ́ẹ̀?"

Lẹ́yìn ìpàdé, Marta yìn ín gan-an. Olúbísí délé, ó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbóòórùn apá ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún pé jọ ní Padova, kò jókòó sórí àga olùdarí.

"Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ bíi ti ẹlòmíràn," ló wí.

"Òfin wa ńkọ́?" ni Marta bi í.

Beppe, tó bá Marta wá láti Torino, dìde. "Èmi á darí. Ọmọ mi, sọ̀rọ̀."

Olúbísí sọ̀rọ̀. Ó sọ bí onílé ṣe sọ fún un lórí fóònù pé yàrá ṣì ṣófo, àmọ́ tí wọ́n ní ẹlòmíì ti gbà á bí wọ́n ṣe rí ojú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó sọ bí òun ṣe wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Obìnrin ọjọ́sí gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Àwọn kan tẹ̀ lé e. Àwọn tó kù tẹjú mọ́lẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà kò tún fún un ní ìjíròrò kankan darí mọ́. Beppe nìkan ló máa ń pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Ìsinmi, tó máa ń bi í ní ohun tó jẹ. Lọ́jọ́ kan, Olúbísí gbàgbé ara rẹ̀, ó fi Yorùbá dá a lóhùn. Ó ti sọ̀rọ̀ jìnnà kó tó rántí.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan."

"Máa sọ ọ́ lọ," ni bàbá náà wí.

Ó sì ń sọ ọ́ lọ, lóun nìkan nínú yàrá, lédè tí ẹni tó ń fetí sí i kò gbọ́.