Ọjọ́ Tí Wọ́n Tẹ́ Rọ́ọ̀gì Sórí Yìnyín

Obìnrin kan wà ní Amman tí wọ́n ń pè ní Nazik. Olùkọ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló sì fi kọ́ àwọn ọmọ òkè tó ń gbé ní ìṣirò. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Jumana, ti lọ sílé ọkọ ní Zarqa, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Òun nìkan ló kù nínú ilé olókùúta funfun tó wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn gbọọrọ kan tó gbéra láti òpópónà ìsàlẹ̀, tó sì gun òkè náà débi orí. Ìpele mẹ́rìndínláàádọ́jọ ni àtẹ̀gùn ọ̀hún ní, ilé Nazik sì wà ní ìpele ọgọ́fà. Mọ́tò kankan ò lè débẹ̀. Ẹni tó bá ra fìríìjì, ẹ̀yìn ènìyàn ló máa bá a gòkè. Ẹni tó bá kú, èjìká ènìyàn ló máa bá a sọ̀ kalẹ̀.

Tí ènìyàn bá ń gbé irú ibẹ̀, kò sóhun tí aládùúgbò máa ṣe tí kò ní kàn án, torí òrùlé ẹni ìsàlẹ̀ ni iwájú ilé ẹni òkè. Bàbá Hatim, tí ilé rẹ̀ wà lórí Nazik gan-an, ń sin ọgọ́rin ẹyẹlé, aṣọ tí Nazik bá sì sá, àwọn ẹyẹlé yẹn ló máa ń kọ́kọ́ fi ìgbẹ́ bu ọwọ́ lù ú. Ìyá Dalal tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kì í gbọn rọ́ọ̀gì àfi tí Nazik bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fèrèsé, àgàgà tí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀: gbì, gbì, gbì, láti àárọ̀ dọ̀sán, kí eruku máa gòkè bí èéfín. Omi ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń wá, ọjọ́ tó bá sì wá, Fawwaz wẹ́dà ti máa ń fi ẹ̀rọ fà á sínú táǹkì tirẹ̀ kí ẹlòmíì tó jí. Ká má tíì sọ ti ọkọ̀ tó ń ta gáàsì kiri, tó ń kọ orin kan náà nísàlẹ̀ òpópónà ní gbogbo àárọ̀.

Nazik kì í gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mì. Bó ṣe ń pariwo fọ́mọ nínú kíláàsì náà ló ń pariwo fún gbogbo òkè láti ojú fèrèsé. Àwọn ọmọdé ti sọ ọ́ lórúkọ: Ìyá Ẹ-Dákẹ́. Ó mọ orúkọ náà, kò sì dùn ún. Ó ní kì í ṣe irọ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Iléyá bọ́ sí àárín òtútù. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ọdún pé. Wọ́n mọ yìnyín ní Amman. A máa wá, oòrùn a sì yọ́ ọ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nazik ṣí fèrèsé láàárọ̀ ọjọ́ Árafà, tí Iléyá ku ọ̀la, òkè iwájú kò sí níbẹ̀ mọ́. Gbogbo ilé tó lé ara wọn lórí lódìkejì àfonífojì, àwọn táǹkì orí òrùlé, okùn iná, àwọn òpó mọ́ṣáláṣí, gbogbo rẹ̀ ti wọnú funfun kan ṣoṣo, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tí ilẹ̀ parí sí àti ibi tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohùn ọkọ̀. Kò sí ti ẹyẹlé. Yìnyín ń bọ́ ní rírọ̀ bí òwú tí wọ́n ń gbọ̀n, ó sì dà bíi pé ayé ń mí láìfẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́. Ìdákẹ́jẹ́ tí obìnrin yìí ti ń tọrọ láti ogójì ọdún ló dé yẹn. Ó dé tán, àyà rẹ̀ já díẹ̀.

"Súbúhànálláhì," ló wí, ó sì dúró síbẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi kú.

Àgbò kan ló ké lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tó fi ta gìrì. Ó ṣílẹ̀kùn. Àgbò Iléyá Fawwaz ni wọ́n so mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, níwájú ilé rẹ̀, ó sì ti jẹ gbogbo ewé tí Nazik máa ń já sínú tíì, èyí tó gbìn sínú agolo òróró. Kò ṣẹ́ kù ju ìtí lọ.

"Fawwaz! Fawwaz o! Ṣé o ti sọ ilé mi di ọjà ẹran ni?"

Ohùn Fawwaz dáhùn lókè: "Màmá, ẹ má bínú! Yìnyín ló dí iwájú ilé wa. Mò ń bọ̀ wá tú u. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde, ilẹ̀ ń yọ̀!"

"Kí n má jáde? Ṣé ìwọ lo kọ́ ilé fún mi ni?"

Ó gbẹ́sẹ̀ kan síta. Ẹsẹ̀ kejì kò rí àyè tẹ̀ lé e. Ó gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá dá, kó tó di pé ó yé e pé ara òun ló ti dún. Nígbà tó la ojú, yìnyín ń bọ́ lé e lójú, àgbò náà ń wò ó, ó ṣì ń jẹnu.

Fawwaz fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti ìpele dé ìpele. Ìyá Dalal fi ọwọ́ àti orúnkún rá gòkè, ó wo bí ẹsẹ̀ Nazik ṣe yí síta, ó sì fa Fawwaz lọ́wọ́ sẹ́yìn.

"Má fà á! Egungun ìbàdí ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyá ọkọ mi ṣe rí. Gbé mátíréèsì wá."

Wọ́n rọra tì í sórí mátíréèsì, wọ́n fà á wọ ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì fi aṣọ òtútù mẹ́rin bò ó. Wọ́n pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ó tó wákàtí méjì ààbọ̀ kó tó dé òpópónà ìsàlẹ̀. Ọkùnrin méjì bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé ibùsùn onírin wọn dání, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ní ìpele kejìlá, ẹsẹ̀ ẹni iwájú yọ̀. Ibùsùn náà já mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sáré lọ bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń pè, ó kọjá òpópónà, ó sì fọ́ mọ́ ògiri. Ọkùnrin náà dìde, ó ń di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"A ò lè débẹ̀!" ni èkejì ń pariwo. "Ẹ bá wa gbé wọn wá!"

Ọgọ́fà ìpele, yìnyín sì ti dì lórí gbogbo wọn bíi gíláàsì. Wọ́n ti da eérú tí wọ́n ní sí i, wọ́n ti da iyọ̀, ìpele mẹ́fà péré ló tó fún. Fawwaz dúró, ó ń wo ìsàlẹ̀. Ọkùnrin tó ń gbé irin léjìká ni, ṣùgbọ́n omi lé sí i lójú.

"Tí mo bá gbé wọn tí mo bá ṣubú, mo pa wọ́n nìyẹn."

Ìyá Dalal sọ̀ kalẹ̀ wọnú ilé rẹ̀. Nígbà tó máa jáde, rọ́ọ̀gì pupa ló ká lé èjìká, èyí tó gbé wọlé ọkọ ní ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ fún ọdún.

Nazik rí i láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí. Tòun ti ìrora, ó ní: "Ìyá Dalal, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ gbọ̀n ọ́n ni. Ẹ lọ ṣí fèrèsé yín."

Ó jù ú sílẹ̀, rọ́ọ̀gì náà tú, ó sì tẹ́ sórí ìpele mẹ́jọ. Ìyá Dalal gun orí rẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó ju ara sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì. Kò yọ̀. Ló bá kọjú sísàlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu:

"Ẹ gbé rọ́ọ̀gì yín jáde o! Gbogbo ilé! Ìyá Jumana ti fẹsẹ̀ ṣẹ́!"

Ilẹ̀kùn kan ṣí, òmíràn ṣí. Nazik gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣí wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè náà, gbàgà, gbàgà, títí ìró rẹ̀ fi jìnnà. Rọ́ọ̀gì pálọ̀ jáde, ti yàrá jáde, èyí tí wọ́n fi irun ràkúnmí hun, èyí tí wọ́n rà nírìn-àjò Hajj, èyí tí ọmọ tọ̀ sí lánàá. Ilé tí kò ní rọ́ọ̀gì gbé ẹní ìkírun wá, àmọ́ àwọn tó wà nítòsí ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀, tiwọn tó. Yìnyín funfun ni òkè gbogbo, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn náà ti pupa, ó ti dúdú bí aró, ó ti ní òdòdó àti igi àti ẹyẹ lára, láti ẹnu ọ̀nà Nazik dé òpópónà.

Bàbá Hatim dé láti òkè. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó yọ ilẹ̀kùn kan kúrò lára ìkọ́ rẹ̀, òun àti Fawwaz sì gbé e wá.

Nazik rí ìyẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn. "Bàbá Hatim, ṣé kì í ṣe ilẹ̀kùn ilé ẹyẹlé nìyẹn?"

"Òun ni. Òun ló fúyẹ́ jù. Mo ti ha ìgbẹ́ ara rẹ̀, mo sì ti tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì lé e."

"Gbogbo rẹ̀ lẹ ha?"

"Ìyá Jumana, ẹ jẹ́ ká gbé yín, ẹ bá mi jà tẹ́ ẹ bá dé."

Bàbá Hatim ló ṣètò wọn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹsẹ̀. Kí wọ́n tò lọ́tùn-ún, kí wọ́n tò lósì, kí oníkálukú dúró sójú kan, kí ilẹ̀kùn náà máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ lọ sísàlẹ̀. Wọ́n sì tò bẹ́ẹ̀: ọkùnrin, obìnrin, àwọn arúgbó tí kò jáde láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi okùn so Nazik mọ́ ilẹ̀kùn náà ní àyà àti orúnkún, wọ́n sì gbé e.

Kò rí ju ojú ọ̀run lọ, àti ojú àwọn ènìyàn tó ń yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tó sì ń kọjá. "Mo ti dì í mú." "Ó dọwọ́ yín." "Ẹ rọra." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ló ń ṣáájú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Èémí gbogbo wọn ń jáde bí èéfín, ó sì ń móoru lé e lórí. Ó rí ọwọ́ tí ìka kan kò sí lára rẹ̀. Ó rí ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé làálì ọdún. Òmíràn ń run dàbínò, ìyẹ̀fun ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, torí ìdí àkàrà ọdún tó ń pò ni wọ́n ti pe olúwa rẹ̀ jáde. Obìnrin kan wà tí Nazik kò rí sójú fún ọdún mọ́kànlá, tí ọkọ rẹ̀ kú tí kò sì yọjú mọ́. Ó wà níbẹ̀, ní ìpele ọgọ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ṣálúbàtà, ó gba ilẹ̀kùn náà lọ́wọ́ ẹni òkè, ó sì fà á lé ẹni ìsàlẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìpele: "Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta." Ohùn kejì gbè é, ẹ̀kẹta gbè é. Nazik mọ bí wọ́n ṣe ń fa ìparí ọ̀rọ̀ náà. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń fà á nìyẹn, lójú pátákó, nígbà tí irun àwọn ọkùnrin yìí kò tíì hewú.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi kírun ìrọ̀lẹ́ tán ní mọ́ṣáláṣí kan lódìkejì àfonífojì, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kábàrà ọdún. Mọ́ṣáláṣí òkè kejì gbà á, ti òkè kẹta gbà á. Ènìyàn kò rí òkè kankan, ohùn nìkan ló ń ti inú funfun náà jáde láti ìhà gbogbo. Àwọn tó gbé Nazik náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, nítorí ẹrù ọwọ́ wọn: Alláhù Àkbár, Alláhù Àkbár. Yìnyín ń bọ́ sí ìpéǹpéjú rẹ̀. Kò lè nù ú, kò sì fẹ́ nù ú. Ìrora ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti dà bí ohun tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fẹ́ sọ nǹkan fún ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ sì wọ́n ọn. Òun tí ọ̀rọ̀ kò wọ́n rí láyé rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé e wọnú ọkọ̀, ó ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Ó wo òkè. Gbogbo wọn ṣì dúró síbi tí wọ́n wà, ìlà méjì, kò tíì sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀, àtẹ̀gùn aláràbarà náà sì wà láàárín wọn, ó gòkè lọ títí ó fi wọnú ìkùukùu.

Ọjọ́ ọdún gan-an ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi irin sí i ní ìbàdí. Jumana sunkún dé.

"Màmá, báwo ni wọ́n ṣe gbé yín sọ̀ kalẹ̀ nínú irú yìnyín yẹn?"

"Wọ́n tẹ́ rọ́ọ̀gì."

"Rọ́ọ̀gì báwo?"

"Rọ́ọ̀gì ni wọ́n tẹ́, ọmọ mi. Fún mi lómi."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àwọn rọ́ọ̀gì yẹn fi wà lórí bákónì kí wọ́n tó gbẹ. Aró pupa ti Ìyá Dalal ṣàn sí òmíràn lára, wọ́n sì jà lórí ìyẹn.

Ilé Jumana ní Zarqa ni Nazik ti sinmi. Ilé ńlá ni, ẹ̀rọ ló ń gbé ènìyàn gòkè, wọn kì í sì í gbọ́ ohùn ara wọn láti yàrá dé yàrá. Jumana ní kó kúkú máa gbé ibẹ̀. Ó gbìyànjú fún oṣù méjì. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn yọ, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sílé.

Ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni gbé òun gòkè. Ọ̀pá ló mú dání, Fawwaz ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹyin. Ní ìpele kẹẹ̀ẹ́dógún, obìnrin kan ti gbé àga síta. "Olùkọ́, ẹ jókòó, ẹ mu kọfí." Ó jókòó, ó mu ún. Ìpele mẹ́wàá síwájú, àga mìíràn wà níbẹ̀. Nígbà tó máa fi dé ìpele ọgọ́ta, kọfí márùn-ún ló ti mu. Obìnrin tó ti pẹ́ tí kò yọjú nì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó gbé abọ́ dàbínò dání.

Nazik na ọ̀pá rẹ̀ fún Fawwaz. "Bá mi mú u. Mo fẹ́ wọlé."

"Màmá, ìpele ọgọ́ta ṣì kù o. Tá a bá ń báyìí lọ, ọ̀la la máa délé."

"Ṣé ẹnì kan ń lé ọ ni?" ló dá a lóhùn, ó sì di obìnrin náà lọ́wọ́ mú, ó bá a wọlé.