Ọjọ́ tí Doyinsọ́lá Ní Kí Wọ́n Lu Agogo

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òkú kan ṣe dìde jókòó lójú gbogbo èrò ní Ìṣẹ́ Èkìtì, tí kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo tó rántí ké halelúyà. Ìtàn ẹ̀rín ni o. Ẹni tí ẹkún bá ń gbọ̀n lára, kó fi pamọ́ ná.

"Kọ́tì!"

Inú pósí ni ohùn náà ti jáde. Doyinsọ́lá Akínpẹ̀lú, tó jẹ́ olùdarí fíìmù tí wọ́n ń yà níbẹ̀, tó yẹ kó pe kọ́tì kí kámẹ́rà tó dúró, kò tíì lanu. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wo Alàgbà Afọlábí, àgbà òṣèré, tó nà gbalaja nínú pósí, aṣọ funfun lára, òwú nímú.

"Alàgbà, òkú lẹ jẹ́ níbí," ni Doyinsọ́lá wí. "Òkú kì í pe kọ́tì. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kú."

Afọlábí yọ òwú nímú. "Ọmọ mi, ta ni mo fẹ́ kú fún? Olówó kòkó ni wọ́n ní mo jẹ́. Ènìyàn mẹ́ta ló ń sunkún mi, ewúrẹ́ kan sì ń wò wọ́n. Ṣé bí wọ́n ṣe ń sin ọlọ́lá nìyẹn? Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ohùn ọkùnrin. Kó o gbé e fún mi, kí n fi hàn ọ́."

Ọ̀rọ̀ èrò tó sọ yẹn, òótọ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti ṣèlérí pé àwọn á wá kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà ni, ẹni tó bá sì pe èèyàn wá ṣeré lọ́jọ́ ọjà, afẹ́fẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Elijah Bọ́dúndé, ẹni tó ni fíìmù náà, ti pe Doyinsọ́lá láti Àkúrẹ́: bí wọn kò bá ya ìran ìsìnkú yìí tán kí ilẹ̀ tó ṣú, Alàgbà Afọlábí ni yóò darí ìyókù.

Ẹ sì wò ó, ọjọ́ ti pẹ́ tí obìnrin yìí ti ń kun ojú fún àwọn òṣèré nínú fíìmù ẹlòmíràn. Ojú tó ti kùn kò lóǹkà. Èyí ni fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sọ́wọ́ rẹ̀ láti darí. Ó mú obìnrin méjì mìíràn mọ́ra, Gift sídìí kámẹ́rà, Joy sídìí makirofóònù, àwọn ọlọ́kadà orítá sì ti sọ iṣẹ́ náà ní "fíìmù àwọn ìyàwó."

"Ọ̀gá mi," ni Joy wí, "bí a ṣe ń retí èrò yìí, ẹ jẹ́ ká gba ohùn agogo ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. A ó lò ó nínú ìran yìí."

Ó dára bẹ́ẹ̀. Doyinsọ́lá tọ Bàbá Àrẹ̀mú lọ, ẹni tó ń lu agogo.

"Èwo lẹ fẹ́?" ni bàbá bi í. "Ti ìsìn ni, àbí ti òkú?"

"Ti òkú, sà."

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

"Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ o."

Ọmọ Ìkéré ni Doyinsọ́lá, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló dàgbà sí. Ta ni ìbá sọ fún un? Ní àdúgbò ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, bí agogo bá ń dún kíákíá, ìsìn ni. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kan, tó dákẹ́, tó tún dún lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kan ti lọ nìyẹn. Ẹni tó ń gúnyán á ju ọmọ odó sílẹ̀, ẹni tó ń tajà á da aṣọ bo ọjà, wọ́n á sì wá béèrè pé, "Ta ni?"

Bàbá Àrẹ̀mú fa okùn. Gbòóò. Ó dákẹ́. Gbòóò.

Kí Joy tó gba ohùn náà tán, ojú ọ̀nà ti kún. Àwọn ìyá ọlọ́jà ń bọ̀, tíṣà ń bọ̀, ọlọ́kadà gbé ènìyàn mẹ́ta mẹ́ta. Àfi pósí tí wọ́n rí, tí Afọlábí wà nínú rẹ̀, òwú nímú.

"Yéè! Bàbá inú tẹlifíṣọ̀n ni!"

"Ìlú wa ló wá kú sí! Wọ́n á ní àwa la pa á!"

"Ẹni tó ti kú títí nínú fíìmù! Gbogbo ìgbà yẹn ló ń jí! Èyí wá di òótọ́!"

Ni ẹkún bá sọ. Obìnrin kan tú gèlè, ó fi ń nu ojú òkú. Ọ̀kan ń ka gbogbo ìyàwó tí Afọlábí ti fẹ́ nínú fíìmù, ó ń bi í pé ta ló fi wọ́n sílẹ̀ fún. Gift kò gbójú kúrò nídìí kámẹ́rà. Ó ń yà á.

Afọlábí sọ̀rọ̀ láàárín eyín, kò la ojú: "Má pè é o! Má pe kọ́tì! Jẹ́ kí wọ́n sun ún lọ!"

Doyinsọ́lá wo kámẹ́rà, ó wo èrò. Kò sí olówó tó lè ra irú ẹkún yìí. Ohun tí yóò gba iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un nìyí níwájú rẹ̀, kò sì ní í ṣe ju pé kó pa ẹnu mọ́.

Nígbà náà ni ìyá àgbà kan já wọ àárín èrò, èèpo gbágùúdá ṣì lẹ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Màmá Dorcas ni, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ. Ọkọ rẹ̀ wà ní ọsibítù l'Ádó, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́sẹ̀. Kò tilẹ̀ wo pósí. Ó ń di ènìyàn lápá mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé Bàbá Moyọ̀ ni? Ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ṣé wọ́n ti pè láti ọsibítù? Ṣé Bàbá Moyọ̀ ni?"

"Kọ́tì!" Doyinsọ́lá ló ké e lọ́tẹ̀ yìí. Ó sáré lọ, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá náà. "Mà, kò sẹ́ni tó kú. Ẹ forí jì wá. Fíìmù là ń yà. Èmi ni mo ní kí wọ́n lu agogo."

Gbogbo ojú yí sí i.

Inú bí Afọlábí. Ó dìde jókòó nínú pósí. "Ta ló ní kí o pè é?"

Háà! Ẹ ò bá wo eré sísá. Tíṣà àgbà tó ti ń fi ọ̀pá rìn fo ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, ọ̀pá nìkan ló ṣẹ́kù. Ọlọ́kadà kan fi ọ̀kadà sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyá tó ń nu ojú òkú lẹ́ẹ̀kàn di ẹni tí a kò rí mọ́. Ìgbà tí wọ́n padà rọra yọjú lẹ́yìn igi, tí wọ́n rí i pé òkú ń bá olùdarí jiyàn, ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ níbì kan, tó sì ràn káàkiri.

Ṣùgbọ́n Màmá Dorcas kò rẹ́rìn-ín. Doyinsọ́lá bá a pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Ìwọ ń sunkún," ni ohùn bàbá dáhùn láti Adó, "ebi ń pa èmi níbí! Iyán dà?"

Ìyá náà mí kanlẹ̀. Ó wá yíjú sí Doyinsọ́lá, ohùn Èkìtì lẹ́nu. "Ó dáa. Ukú kì í ṣe ohun eré. Ta ló kọ́ ọ ní irú èyí?"

"Ẹ̀bi mi ni, Mà. Kì í ṣe ti bàbá tó lu agogo, kì í ṣe ti àwọn ọmọ tí mo kó wá." Doyinsọ́lá yíjú sí Gift. "Pa gbogbo ohun tí o yà rẹ́."

"Ṣé orí rẹ pé?" Afọlábí pariwo. "Irú ẹ̀ kò tún lè ṣẹlẹ̀ mọ́!"

"Ẹkún ìyá yìí kì í ṣe tiwa, Alàgbà. Pa á rẹ́, Gift."

Gift pa á rẹ́, lójú gbogbo wọn.

"Ó kù kan," ni Màmá Dorcas wí. "Àwọn tó wà lóko ti gbọ́ ọ. Wọ́n ń sáré bọ̀ wá ulé báyìí. Lọ tú agogo náà."

Lílu kíákíá ni títú agogo, kí ará oko lè mọ̀ pé kò sẹ́ni tó kú. Doyinsọ́lá di okùn mú, ó fà á tagbára-tagbára, okùn gbé e kúrò nílẹ̀, bàtà rẹ̀ kan bọ́. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn wá bá a fà á. Agogo dún kányin-kányin títí dé oko kòkó.

"Kí lẹ wá ń wá gan-an?" ni Màmá Dorcas bi í nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀.

"Èrò tó máa bá wa sunkún ni, Mà. Kí ilẹ̀ tó ṣú."

"O kàn ní láti wá sí ìpàdé wa kí o bẹ̀ wá ni! Tòní ti tán. Ọjà ń bẹ nílẹ̀, gbágùúdá mi ń bẹ nílẹ̀. Lọ́la, bí a bá ti jáde níbi àdúrà, a ó sun ún fún ọ." Ó wá nàka sínú pósí. "Ìwọ bàbá yìí náà, bí kì í bá ṣe ọmọ yìí tó sọ òótọ́, à bá ti sin ọ́."

Afọlábí wo ìbú pósí. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ kan jáde.

Fóònù dún. Bọ́dúndé ni. Gbogbo wọn sún mọ́ ọn, kódà àwọn ọlọ́jà.

"Kò parí, sà," ni Doyinsọ́lá wí. "A yà á, mo sì ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ọ̀la la ó tún un yà, pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ. Èmi ni n ó sì darí rẹ̀."

"Gbé fóònù fún Alàgbà," ni ohùn Bọ́dúndé wí.

Ó gbé e fún un. Afọlábí wo olùdarí náà, bàtà kan lẹ́sẹ̀. Ó wo èrò tí kò tíì lọ nítorí obìnrin náà. Ó wú ikọ́.

"Ọ̀gá Bọ́dúndé, ẹ má bínú. Òkú ni mí níbí. Níbo lẹ ti rí òkú tó ń darí fíìmù?"

Bọ́dúndé ní kí Doyinsọ́lá máa darí rẹ̀ lọ, kó má ṣáà ju ọ̀la lọ.

Doyinsọ́lá gba fóònù, ó kó àwọn tirẹ̀ jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín iṣẹ́ ọjọ́ kejì fún wọn. Afọlábí náà dúró láàárín wọn, ó ń gbọ́ tirẹ̀.

Joy tó di makirofóònù mú lọ́jọ́ náà ló sọ ọ́ fún mi, níwájú ilé ìyá rẹ̀ ní Emure, tí ẹ̀rín kò jẹ́ kó sọ ọ́ délẹ̀. Bí mo ṣe gbà á lẹ́nu rẹ̀ ni mo ṣe gbé e fún yín.